Kíkun Kì í Ṣe Bíbó

Ní ayé àtijọ́, obìnrin Yorùbá kì í jáde lọ síbi ayẹyẹ láìfi nǹkan kun ara. Tìróò ni wọ́n ń lé sójú, làálì ni wọ́n ń lé sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n osùn ni ọba gbogbo wọn. Igi osùn ni wọn yóò gé, wọn yóò fi omi lọ̀ ọ́ lórí òkúta títí yóò fi pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ tí yóò sì kì bí ìpara. Wọn a fi pa ọmọ tuntun lára, wọn a fi kun ẹsẹ̀ ìyàwó, wọn a fi pa abiyamọ kí ara rẹ̀ lè máa dán. Lára adúmáadán, osùn a máa mú dúdú náà jinlẹ̀ sí i. Lára apọ́nbéporẹ́, a máa sọ pupa rẹ̀ di pupa tí ó wúwo, bí ẹyìn tí ó pọ́n lórí ọ̀pẹ. (Kí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kíyè sí àmì ohùn níhìn-ín o: osùn tí a ń kun kò bá Ọ̀ṣun tí í ṣe odò tan rárá.)

Ní ọjà Wúsè ní Àbújá lónìí, osùn kọ́ ni àwọn ọmọge ń béèrè. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni àtíkè pupa kan tí àwọn òyìnbó ń pè ní bronzer, tí ahọ́n àwọn tí ń tà á sì ti sọ di bírọ́ńsà. Inú ike pẹlẹbẹ tí dígí kékeré wà nínú ìdérí rẹ̀ ni ó sáábà máa ń wà. Òmíràn jẹ́ àtíkè gbígbẹ, òmíràn jẹ́ ìpara, òmíràn sì ń ṣàn bí òróró. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe: wọ́n ń fi pupa tí ó ṣókùnkùn díẹ̀ kún àwọ̀ ojú, kí ojú lè dà bí èyí tí oòrùn àárọ̀ fi ọwọ́ bà. Ohun tí ó sáábà máa ń fún àtíkè yìí ní àwọ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rin ọ̀nà Kúbwà sí Súbà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí eruku pupa bò ó láti orí dé bàtà. Irin tí ó dógùn-ún ni. Irú èròjà kan náà tí ó mú kí ilẹ̀ Àbújá pọ́n ni àwọn ilé iṣẹ́ ń sọ di mímọ́, tí wọ́n ń lọ̀ kúnná, tí wọ́n sì ń dì sínú ike. Ẹni tí ó bá ní ohun àjèjì ni bírọ́ńsà kò wo ilẹ̀ tí ó ń tẹ̀ dáadáa.

Ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó tí wọ́n ṣe é kò ní apọ́nbéporẹ́ ilẹ̀ Yorùbá lọ́kàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìyàwó olówó ní ilẹ̀ Yúróòpù kì í fẹ́ kí oòrùn kan òun lára, nítorí àgbẹ̀ àti alágbàṣe ni oòrùn ń pa. Wọ́n tilẹ̀ ń fi lẹ́ẹ̀dì, tí í ṣe májèlé pọ́nńbélé, kun ojú kí ó lè funfun. Nígbà tí ó di nǹkan bí ọdún 1920 sí 1930, ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn òṣìṣẹ́ ti wọ inú ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ níbi tí oòrùn kò dé. Olówó nìkan ni ó ń ráyè lọ nà sílẹ̀ ní etí òkun ilẹ̀ Faransé. Bí ara tí oòrùn pa ṣe di àmì ọrọ̀ nìyẹn. Ẹni tí kò lówó etí òkun wá ń ra àwọ̀ náà nínú ike. Ilé iṣẹ́ Guerlain ti ilẹ̀ Faransé gbé àtíkè Terracotta tirẹ̀ jáde ní ọdún 1984, orúkọ tí ó túmọ̀ sí amọ̀ sísun. Àwọn tí àtíkè kò tó a máa dùbúlẹ̀ sínú àpótí oníná kí iná lè sun wọ́n díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 2009, àjọ tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ka àpótí náà mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé ń fa jẹjẹrẹ. Níbi tí òyìnbó ti ń fi ẹ̀mí wá pupa, ọmọ adúláwọ̀ ń fi ẹ̀mí wá funfun. Ẹ ò rí ayé bí!

Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ yìí kọjá láìdúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ méjì. Àwọ̀ ni ohun tí ojú ń rí, awọ sì ni ohun tí ọwọ́ ń bà. Àmì ohùn nìkan ni ó yà wọ́n, ṣùgbọ́n ohun tí a lè ṣe sí ọ̀kan yàtọ̀ sí ohun tí a lè ṣe sí èkejì. A lè kun àwọ̀ lé àwọ̀, kí omi sì fọ̀ ọ́ kúrò nírọ̀lẹ́. Awọ ní tirẹ̀, ẹni tí ó bá bó o kò ní pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn baba ńlá wa tí wọ́n fún wa ní ọ̀rọ̀ kíkun ni wọ́n fún wa ní ọ̀rọ̀ bíbó. Ẹ̀pà ni à ń bó, iṣu sísè ni à ń bó, igi ni à ń bó èèpo rẹ̀. Nígbà tí a wá gbọ́ pé ènìyàn ń bóra, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ti bà wá lẹ́rù.

Kì í sì í ṣe òní ni ìpè ti ń dún. Ní ọdún 1976 ni Fẹlá Aníkúlápó-Kútì gbé orin rẹ̀ tí ó pè ní Yellow Fever jáde, tí ó fi na àwọn tí ń bóra ní pàṣán. Àjọ NAFDAC náà kò dákẹ́ lórí àwọn ìpara tí ó ní mẹ́kúrì nínú. Mẹ́kúrì ń ba kíndìnrín jẹ́. Hydroquinone tí wọ́n tún ń lò, bí ó bá pẹ́ lára, a máa mú kí ojú tí ó ń wá funfun di dúdú bí aró ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn orílẹ̀-èdè fi ẹnu kò sí ìwé àdéhùn Minamata ní ọdún 2013 pé tí ó bá fi máa di ọdún 2020, kí ìpara ìbóra tí a fi mẹ́kúrì pò di ohun ìgbàgbé. Síbẹ̀ ọjà kò tíì gbọ́.

Ẹni tí ariwo yìí ń dà láàmú jù, tí a kì í sì í sábà rántí, ni ẹni tí a bí ní pupa. Àbújá kún fún àwọn tí kò mọ ìdílé ara wọn. Láti ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 tí olú ìlú ti kúrò ní Èkó, ibi gbogbo ni ènìyàn ti ń wá síbẹ̀, kò sì sí àgbà àdúgbò tí yóò jẹ́rìí pé, “Bí ìyá rẹ̀ ti pọ́n nìyẹn.” Bí obìnrin bá ti pupa, wọn a wo oríkèé ìka rẹ̀ bóyá ó dúdú. Wọn a wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ojú Fáńtà ẹsẹ̀ Kóòkì ni. Olùkọ́bìnrin ọ̀dọ́ kan wà ní Kúbwà, ọmọ Èkìtì ni, pupa rẹ̀ sì dàbí epo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Kò sí sáà ẹ̀kọ́ kan tí ẹnìkan kì í fi rọra fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó lè béèrè orúkọ ìpara rẹ̀. Òrí àti ọṣẹ dúdú ni ó máa ń dárúkọ. Kò sí ẹni tí ó gbà á gbọ́.

Ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà dé ojú rẹ̀ gan-an. Ọmọbìnrin tí wọ́n gbé iṣẹ́ ojú kíkun fún mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n bí gbogbo ìyàwó ìlú náà ti ń fẹ́ ni ó ṣe é: ó fi àtíkè tí ó funfun ju ìyàwó lọ bò ó lójú mọ́lẹ̀. Nígbà tí ìyá ìyàwó wọlé, ó dúró lójú ọ̀nà.

“Ìwọ ọmọ yìí, ta ni ò ń kun? Ọmọ tí mo bí dà?”

“Ẹ fi ara balẹ̀, mọ́mì. Bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò ń fẹ́ ẹ.”

“Fọ́tò ni ó ń gbé e níyàwó ni? Wo ọrùn rẹ̀. Àwọn àna mi yóò ní a bó ọmọ fún wọn.”

Ọ̀rọ̀ náà le, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ojú wà lọ́tọ̀, ọrùn wà lọ́tọ̀, bí ẹni pé ẹni méjì ni wọ́n rán pọ̀. Ọmọbìnrin náà kò jà. Ó kúnlẹ̀ bẹ ìyá, ó fi òwú nu ojú náà kúrò, ó fi fáùndéṣọ̀n tí ó bá ọrùn mu tún un ṣe, lẹ́yìn náà ni ó wá fi bírọ́ńsà díẹ̀ dá pupa rẹ̀ padà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí. Àyà, ọrùn àti ojú wá di ọ̀kan. Nínú ìlú tí gbogbo ènìyàn ti ń sáré lọ sí ọ̀nà funfun, ìyàwó kan jókòó láti gba pupa tirẹ̀ padà. Bí a bá wò ó dáadáa, bírọ́ńsà kò ní iṣẹ́ mìíràn tí ó dára ju èyí lọ lójú apọ́nbéporẹ́.

Yíyàn rẹ̀ ni ó ṣòro. Ohun tó yẹni ló yẹni, okùn ọrùn kò yẹ adìẹ. Pupa kì í ṣe oríṣi kan. Pupa kan wà tí ó fà sí ìyeyè, bí epo tàbí oyin. Pupa mìíràn fà sí inú gúáfà tí ó pọ́n. Òmíràn wà láàárín méjèèjì. Kí ẹni tí kò bá mọ tirẹ̀ fọ ojú rẹ̀ mọ́, kí ó dúró lẹ́bàá fèrèsé ní ojúmọmọ, kí ó sì fi aṣọ funfun sábẹ́ àgbọ̀n. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun náà, ojú kì í lè purọ́. Ẹni tí ó bá fà sí oyin, kí ó wá bírọ́ńsà tí ó ní àwọ̀ oyin nínú. Ẹni tí ó bá fà sí gúáfà, kí ó wá èyí tí ó dàbí kòkó tí a fi mílíìkì lù, nítorí èyí tí ó bá ní ìyeyè púpọ̀ yóò dàbí ìdọ̀tí lójú rẹ̀.

Kí bírọ́ńsà má fi ju ìpele kan tàbí méjì ṣókùnkùn ju awọ lọ. Èyí ni ibi tí àwọn apọ́nbéporẹ́ ti ń ṣìnà jù, nítorí èyí tí ó rẹwà lójú ọ̀rẹ́ wọn tí ó dúdú yóò dàbí èédú lójú tiwọn. Bí èyí tí ó wà nínú ike bá pọ́n bí ọsàn, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni í. Ojú tí ó ti pọ́n tẹ́lẹ̀ kò nílò ọsàn. Kí wọ́n sì ṣọ́ra fún èyí tí ń tàn yinrinyinrin. Ó dára lálẹ́, lábẹ́ iná gbọ̀ngàn àríyá, ṣùgbọ́n lójú oòrùn ọ̀sán Àbújá, pẹ̀lú òógùn, ojú yóò máa dán bí ẹja tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú omi.

Àwọn tí ń tà á a máa gba ọwọ́ oníbàárà, wọn a fi ìka fa ìlà kan sí ẹ̀yìn ọwọ́ náà lábẹ́ iná mànàmáná, wọn a ní, “Àǹtí, ó bá yín mu!” Ẹ̀yìn ọwọ́ kì í ṣe ojú. Etí àgbọ̀n, níbi tí ojú ti pàdé ọrùn, ni ibi ìdánwò. Bí wọ́n bá ti fi díẹ̀ síbẹ̀, kí oníbàárà jáde kúrò lábẹ́ àtíbàbà lọ sínú ìmọ́lẹ̀ ọjọ́, kí ó mú dígí dání. Èyí tí a kò bá rí ibi tí ó parí sí lára awọ ni ó yẹ ẹni. Kí ó tó sanwó, kí ó wo ẹ̀yìn ike náà bóyá nọ́ńbà NAFDAC wà níbẹ̀, kí ó ka orúkọ àwọn èròjà inú rẹ̀, kí ó sì wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Bí ó bá rí “mercury” tàbí “calomel” níbẹ̀, kí ó dá a padà. Bí ìwé ara rẹ̀ bá ti ya tí a kò lè kà á mọ́, bí ẹni tí kò ní bàbá ni.

Ìgbà náà ní ìwà tirẹ̀. Láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kejì ni ọyẹ́ ń fẹ́ ní Àbújá, ètè a bó, ojú a gbẹ táútáú. Àtíkè gbígbẹ kì í bá irú ojú bẹ́ẹ̀ ṣe; a máa kó jọ sí ojú ibi tí awọ ti sán. Bírọ́ńsà ìpara ni kí wọ́n lò nígbà náà. Nígbà òjò àti nígbà ooru tí òógùn ń ṣàn, àtíkè ni ó yẹ, nítorí ó ń fa òróró mu.

Ní ti kíkun rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ojú mímọ́ ni a ń kun. Lẹ́yìn tí a bá ti fọ̀ ọ́, a ó fi ìpara tí ń mú awọ tutù pa á, a ó fi ìpara adènà oòrùn lé e, a ó sì ní sùúrù kí awọ mu ún. Bí a bá fẹ́ lo fáùndéṣọ̀n, lẹ́yìn èyí ni. Búrọ́ọ̀ṣì tí ó tóbi tí irun rẹ̀ sì rọ̀ ni a ó wá tẹ̀ bọ inú àtíkè náà fẹ́ẹ́rẹ́, a ó gbọ̀n ọ́n nù kí èyí tí ó pọ̀ jù lè jábọ́, nítorí èyí tí a kò bá gbọ̀n nù ni yóò di àbààwọ́n ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ibi tí oòrùn ti máa ń kọ́kọ́ ba ènìyàn ni a ń fi sí: iwájú orí lẹ́bàá irun, orí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, etí àgbọ̀n, àti díẹ̀ kíún lórí igi imú. Àwọn akunjú máa ń ní kí ọwọ́ rìn bí ẹni ń kọ 3 láti iwájú orí wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí dé àgbọ̀n, kí ó sì kọ ọ́ ní ìdà kejì ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Lẹ́yìn náà a ó fi búrọ́ọ̀ṣì tí kò sí nǹkan lára rẹ̀ ra ojú gbogbo yípo yípo, a ó sì mú ìyókù wálẹ̀ sí ọrùn. Ẹni tí ó bá gbàgbé ọrùn kò tíì kun nǹkan kan.

Bí a bá ń lo ìpara, kí a fi í sílẹ̀ kí àtíkè tó dé orí ojú. Ìpara kì í jókòó dáadáa lórí àtíkè. A kò sì gbọdọ̀ fi bírọ́ńsà ṣe iṣẹ́ àtíkè òjìji, èyí tí àwọn akunjú fi ń mú kí imú dàbí ẹni pé ó tín-ín-rín tàbí kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ jin. Òjìji a máa fà sí eérú; bírọ́ńsà a máa fà sí iná. Ẹni tí ó bá fi iná ṣe òjìji, ojú rẹ̀ yóò dàbí ìgbà tí a fi ẹrẹ̀ gbá a.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí ó tóbi ju ẹwà lọ. Bírọ́ńsà ń ya àwòrán oòrùn, kì í dá oòrùn dúró. Àbújá wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 9 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn sì máa ń dúró sí àtàrí gan-an lọ́sàn-án. Awọ tí ó pupa kò ní ààbò tí awọ dúdú ní, ìdí nìyẹn tí ìpara adènà oòrùn tí a kọ SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára fi gbọ́dọ̀ ṣáájú àtíkè èyíkéyìí. Àwọn àfín ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ẹni òrìṣà ni àwọn àgbà ń pè wọ́n, wọ́n ní Ọbàtálá ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ wọ́n bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n oòrùn kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Jẹjẹrẹ awọ ni ọ̀tá wọn. Àbújá ni ẹgbẹ́ The Albino Foundation fìdí sí, tí ó ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn, ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà sì ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún wọn láti ọdún 2015. Àfín tí ó bá fẹ́ kun ojú, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, kí ẹnikẹ́ni má sì fi rẹ́rìn-ín. Kí ó yan bírọ́ńsà tí ó rọ̀ jù lọ nínú gbogbo wọn, èyí tí ó fi díẹ̀ kíún ṣókùnkùn ju awọ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n fìlà tí etí rẹ̀ gbòòrò, aṣọ alápá gígùn àti ìpara adènà oòrùn ni kí ó kọ́kọ́ rà. Bí owó bá ṣẹ́kù, kí ó wá yà sọ́dọ̀ alátíkè.

Lálẹ́, kí a fi òróró tàbí omi ọṣẹ fọ gbogbo rẹ̀ kúrò kí a tó sùn, nítorí ojú tí a kò fọ̀ a máa kó rorẹ́. Kí a sì máa fi ọṣẹ fọ búrọ́ọ̀ṣì náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí a sá a síbi tí atẹ́gùn wà. A kì í yá a fún ara wa níbi ìnáwó, bí ó ti wù kí ọ̀rẹ́ náà ṣe tímọ́tímọ́ tó. Ohun tí ó wà lójú ọ̀rẹ́ lè wá sí ojú ẹni.